Sílébù Tó Gba Ohùn Òkè

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ kíláàsì sixième ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Savè, ti ní èdè méjì lẹ́nu kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé bá a. Yorùbá ti Ṣábẹ̀ẹ́ ló bá nílé, Faransé ló sì fi kàwé láti CI títí dé CM2, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìkẹta wọn, kò sì ṣàjèjì pátápátá sí i létí. Ààlà Nàìjíríà wà ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà, ọ̀nà ọlọ́dà àti ojú irin tó ti Cotonou lọ sí Parakou gba àárín rẹ̀ kọjá, ìjọba Nàìjíríà àti ti Benin sì ti jọ ní ìpín rí nínú ilé-iṣẹ́ ṣúgà tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá ẹrù, rédíò àti fíìmù wọlé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí lè pe ọ̀rọ̀ tó gùn, kó sì lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ohun tó sì sábà máa ń wá sọ́kàn olùkọ́ ni pé kó gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ lójú pátákó, "im-por-tant", "hos-pi-tal", kí gbogbo kíláàsì máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Ohun tí orí yìí fẹ́ sọ ni pé gígé yẹn kò tíì tó ìdajì iṣẹ́. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ti mọ ọ̀rọ̀ gé kó tó dé ilé-ìwé. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó mọ èyí tó wúwo nínú àwọn ègé náà, etí Yorùbá sì ti ní ohun tó lè fi mọ̀ ọ́n.

Sílébù ni ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù tí ẹnu lè dá pè gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ti Yorùbá kò ṣòro í mọ̀, nítorí ìrísí mẹ́ta péré ló ní. Ó lè jẹ́ fáwẹ̀lì nìkan, bí "ọ" nínú "ọmọ". Ó lè jẹ́ kọ́ńsónáǹtì kan pẹ̀lú fáwẹ̀lì kan, bí "mọ". Ó sì lè jẹ́ kọ́ńsónáǹtì aránmúpè tó dá dúró fúnra rẹ̀, bí "ń" nínú "ńlá". Kò sí ìkẹrin. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í so mọ́ra nínú sílébù kan ("gb" tí à ń fi lẹ́tà méjì kọ, ìró kan ṣoṣo ni), kọ́ńsónáǹtì kì í sì í parí sílébù. Ẹ̀wẹ̀, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, ìbáà jẹ́ òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀. Lórí èyí ni ọ̀rọ̀ tí dùndún ń sọ dúró: onílù ń gbé ohùn sílébù kọ̀ọ̀kan jáde, ẹni tó gbọ́ èdè sì ń to ọ̀rọ̀ náà padà lọ́kàn ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti mọ̀wé kó tó lè ṣe èyí. Àwọn tó ṣèwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìwé kíkà sì ti rí i níbi gbogbo pé sílébù ni ọmọ kọ́kọ́ ń gbọ́, kó tó di pé ó gbọ́ ìró ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1974, Isabelle Liberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọdé máa kan tábìlì ní iye ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ègé nínú ọ̀rọ̀. Nínú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, nǹkan bí ìdajì ló lè ka sílébù, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tó lè ka ìró. Nínú àwọn tó ti lo ọdún kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè ka sílébù, 70 ló lè ka ìró. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá ní kí ọmọ ọdún méjìlá pàtẹ́wọ́ sí sílébù, ohun tí ọmọ náà ti ń ṣe láti kékeré ló ní kó ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni pé sílébù ta ni à ń kà. "Bread" jẹ́ sílébù kan ṣoṣo létí ará London. Létí tiwa ó di mẹ́ta, bú-rẹ́-dì. "Glass" náà jẹ́ kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ó di gí-lá-à-sì, mẹ́rin gbáko. Etí tó mọ ìrísí mẹ́ta péré kò ní ibi tí yóò gbé "br" tàbí "gl" sí, nítorí náà ó fi fáwẹ̀lì há wọn láàárín, ó sì fi òmíràn sí ìparí kí kọ́ńsónáǹtì má baà rọ̀ síta. Gẹ̀ẹ́sì kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ó lè kó kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta jọ síwájú fáwẹ̀lì, kó tún kó mẹ́ta mìíràn sẹ́yìn rẹ̀: "strengths", lẹ́tà mẹ́sàn-án, sílébù kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọwọ́ Yorùbá pa àtẹ́wọ́ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣì í kà, bó bá sì kọ ohun tó kà sílẹ̀, yóò kọ "filim" dípò "film". Àtúnṣe èyí kò nira tó bó ṣe rí lójú. Fáwẹ̀lì tí etí gbọ́ ni kó máa kà, kó má ka iye ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ṣí. Ibi tí ìró fáwẹ̀lì kan bá wà, sílébù kan ló wà níbẹ̀, gbogbo kọ́ńsónáǹtì tó yí i ká sì jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti aládùúgbò rẹ̀. Faransé ti ràn án lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí ẹni tó ti fi ọdún mẹ́fà ka "trois" àti "quatre" ti mọ bí kọ́ńsónáǹtì ṣe ń ṣù pọ̀. N kò rò pé ó yẹ kí olùkọ́ sixième lo àkókò púpọ̀ lórí èyí.

Àkókò rẹ̀ wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ibòmíràn, níbi tí Faransé àti Yorùbá ti dìmọ̀ pọ̀ ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ní ọdún 1967, David Abercrombie, onímọ̀ ìró èdè ní Edinburgh, pín àwọn èdè sí ọ̀wọ́ méjì nípa bí wọ́n ṣe ń lo àkókò. Nínú ọ̀wọ́ kìíní, sílébù kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìwọ̀n àkókò kan náà. Nínú ọ̀wọ́ kejì, àwọn sílébù tó wúwo ló ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìwọ̀n àkókò kan náà, àwọn fúyẹ́fúyẹ́ tó wà láàárín wọn sì ń fún ara wọn mọ́ra kí wọ́n lè gba àyè. Àwọn èdè tó fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀wọ́ kìíní ni Faransé, Telugu ti ilẹ̀ Íńdíà, àti Yorùbá. Àwọn tó fi ṣe àpẹẹrẹ ìkejì ni Gẹ̀ẹ́sì, èdè Rọ́ṣíà àti Lárúbáwá. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún Ṣábẹ̀ẹ́: èdè méjèèjì tí ọmọ náà gbé wọ kíláàsì wà ní ìhà kan, èdè tó wá kọ́ wà ní òdìkejì. Ní òtítọ́, ìpín Abercrombie kò dúró bó ṣe sọ ọ́. Ní ọdún 1982, Peter Roach fi ẹ̀rọ wọn ìró àwọn èdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí gan-an, kò sì rí àkókò tó dọ́gba tí wọ́n ń sọ. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí aago. Àwọn kan fi èyí sọ pé ìyàtọ̀ kò sí rárá. Ìdáhùn Rebecca Dauer, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ló tẹ́ mi lọ́rùn jù: ohun tí etí ń gbọ́ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe aago ló fà á. Ó ń wá láti ara ìrísí sílébù, àti láti ara ohun tí èdè ń fi fáwẹ̀lì ṣe níbi tí ohùn kò ti wúwo. Gẹ̀ẹ́sì ń fún fáwẹ̀lì bẹ́ẹ̀ pa. Yorùbá kì í fún un pa, nítorí bí fáwẹ̀lì bá kú, ohùn rẹ̀ lè bá a lọ, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ a sì di rúdurùdu.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹwà ohùn nìkan ni, à bá fi sílẹ̀. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohùn Ṣábẹ̀ẹ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà pé orí sílébù tó wúwo ni etí Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1981, Jacques Mehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ilẹ̀ Faransé pé àwọn ará ibẹ̀ ń gé ohun tí wọ́n gbọ́ sí sílébù: wọ́n yára mọ "pa" nínú "palace" ju bí wọ́n ṣe mọ "pal" lọ, ó sì yí padà nínú "palmier", níbi tí "pal" ti jẹ́ sílébù tó pé. Nígbà tí Anne Cutler bá wọn dán irú rẹ̀ wò fún àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ìyàtọ̀ yìí kò jáde. Ohun tí òun àti Dennis Norris rí ní ọdún 1988 ni pé nígbà tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá gbọ́ sílébù tó wúwo, ó gbà pé ọ̀rọ̀ tuntun ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò sì ṣe é lásán, nítorí nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ tiwọn ló ń fi sílébù tó wúwo bẹ̀rẹ̀. Àṣìgbọ́ ló fi èyí hàn kedere jù. Nínú ìdánwò kan tí Cutler àti Sally Butterfield gbé jáde ní 1992, wọ́n fi ohùn tó lọ sílẹ̀ gan-an sọ "conduct ascents uphill", tí ìwúwo rẹ̀ wà lórí "duct", "cents" àti "hill". Ohun tí ẹnì kan gbọ́ ni "the doctor sends the bill". Ìró náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ti àkọ́kọ́ mu, ṣùgbọ́n ó ti fi gbogbo ibi tó wúwo ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tó pe gbogbo sílébù "important" dáadáa, tó wá fi gbogbo agbára sórí "tant" bí Faransé ṣe kọ́ ọ, ti rán etí olùgbọ́ lọ síbi tí kò sí nǹkan.

Báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe fẹ́ mọ ibi tó wúwo, nígbà tí èdè rẹ̀ kò ní irú ìwúwo bẹ́ẹ̀? Àwọn baba ńlá rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yìí fún un, nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá. Ẹ fi dò re mí tí àwọn olùkọ́ Yorùbá fi ń kọ́ni ní ohùn, dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè, wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ti Nàìjíríà wọ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. "Teacher" wúwo níbẹ̀rẹ̀: tíṣà, mí-dò. "Tailor" náà: télọ̀, mí-dò. "Lawyer", lọ́yà; "motor", mọ́tò; "sugar", ṣúgà. Ẹ wá wo àwọn tí ìwúwo tiwọn kò sí níbẹ̀rẹ̀. "Cigar" di sìgá, dò-mí. "Tomato" di tòmátò, dò-mí-dò. "Cement" di sìmẹ́ńtì, "hotel" di hòtẹ́ẹ̀lì, "computer" di kọ̀ǹpútà: níbi gbogbo, sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló gba ohùn òkè, èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó kẹ́yìn sì wà nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lórí èyí. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ "sìmẹ́ńtì" lè má mọ lẹ́tà kan nínú ábídí, etí rẹ̀ ló gbọ́ pé "ment" ròkè ju "ce" lọ. Michael Kenstowicz, onímọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ọ̀rọ̀ àyálò Yorùbá yìí ní ọdún 2006, ó sì fi hàn pé ìlànà ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe kòńgẹ́. Àwọn kan yà kúrò lójú ọ̀nà, mo gbà. "Hospital" wúwo níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọsibítù gbé ohùn òkè sórí sílébù mìíràn. "Bucket" wúwo níbẹ̀rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì sì gbé ohùn òkè sórí sílébù méjì. Àwọn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó láti ba ìlànà náà jẹ́, ó sì dára kí olùkọ́ ní wọn lọ́wọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ àyálò ṣe òfin.

Fún ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní pàtàkì, àwọn ọ̀rọ̀ yìí tún ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀tá rẹ̀ tó tóbi jù nínú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ tó bá Faransé mu lójú ìwé. "Animal", "accident", "important", "table": lẹ́tà kan náà ni èdè méjèèjì fi ń kọ wọ́n, Faransé sì ń fi ìwọ̀nba agbára tó ní sórí sílébù tó kẹ́yìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí "doctor" lójú ìwé, "docteur" ni yóò sọ sí i lọ́kàn, yóò sì tẹ ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rántí pé dókítà ni ìyá ìyá rẹ̀ ń pè é, mí-mí-dò, yóò mọ̀ pé ìparí yẹn gbọ́dọ̀ relẹ̀. "Animal" àti "accident" kò ní ọ̀rọ̀ àyálò tó gbajúmọ̀ báyìí, àmọ́ ẹni tó ti gbá dókítà àti tíṣà mú lè fi dò àti mí kọ wọ́n sí etí ìwé rẹ̀: mí-dò-dò, méjèèjì. Sílébù mẹ́ta, àmì mẹ́ta. Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gé ọ̀rọ̀ ni yóò fi àmì sí i, kò gbọdọ̀ fi gígé sílẹ̀ láìlámì.

Onímọ̀ èdè yóò ta kò mí pé ohùn Yorùbá kì í ṣe ìtẹnumọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni. Ohùn Yorùbá jẹ́ ara ọ̀rọ̀: "igbá" àti "igba" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà tí a sọ lọ́nà méjì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹnì kan bá fi "teacher" béèrè ìbéèrè, ohùn lè ròkè ní ìparí, ọ̀rọ̀ náà kò sì yí padà, nítorí ìwúwo sílébù kìíní kò sí nínú gíga ohùn nìkan. Ó wà nínú gígùn rẹ̀, nínú agbára rẹ̀, àti pàápàá nínú bí fáwẹ̀lì rẹ̀ ṣe mọ́ gaara nígbà tí ti àwọn yòókù ti ṣá. "Banana" ní "a" mẹ́ta lójú ìwé, ẹyọ kan péré ni ẹnu pè dáadáa, èyí àárín. Méjì yòókù ti di ìró kúkúrú kan tí Yorùbá kò ní. Nítorí náà dò-mí-dò kì í ṣe gbogbo òtítọ́ nípa "banana". Ó jẹ́ àtẹ̀gùn tí à ń gùn, tí a óò sì kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé mí sórí "na" àárín ti mọ ibi tí yóò ti ṣí ẹnu. Ohun tó kù ni kó kọ́ láti má ṣí i lórí àwọn dò. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ló le jù, ìgbà tí ẹni náà bá sì ti mọ ibi tí dò wà nìkan ló ṣeé kọ́. Ẹ wo ẹbí yìí, níbi tí re ti dúró fún sílébù tí fáwẹ̀lì rẹ̀ kò ṣá, àmọ́ tí kì í ṣe òun ló wúwo jù: "photograph", mí-dò-re, "photography", dò-mí-dò-dò, "photographic", re-dò-mí-dò. Ìwúwo ń ṣí láti sílébù kan sí òmíràn, fáwẹ̀lì tó mọ́ gaara sì ń bá a ṣí. 

Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ ẹnu là ń sọ. Ìwé kíkọ jẹ́ ọ̀ràn mìíràn, ibẹ̀ sì ni gígé tí à ń rí nínú dikṣọ́nárì ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Àwọn àmì tó pín ọ̀rọ̀ nínú dikṣọ́nárì wà, ní ìpìlẹ̀, fún àwọn atẹ̀wé, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti lè já ọ̀rọ̀ nígbà tí ìlà bá tán. Àwọn atẹ̀wé pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. Nínú ìwé sípẹ́lì tí Thomas Dilworth gbé jáde ní 1740, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà lò, wọ́n ń gé "habit" sí "ha-bit", "cluster" sí "clu-ster", bí ẹni pé Yorùbá ni, tí gbogbo sílébù ń fi fáwẹ̀lì parí. Noah Webster kọ̀ ọ́ nínú ìwé tirẹ̀ ní 1783. Ó ní bí ẹnu ṣe ń pè é ni kí a gé e, "hab-it", "clus-ter", kí ọmọ tó bá kà á má baà pe "ha" pẹ̀lú fáwẹ̀lì gígùn. Ìyàtọ̀ yìí ṣì wà. Àṣà Amẹ́ríkà ń já ọ̀rọ̀ síbi ìpè, "democ-racy", "knowl-edge". Àṣà Ìlú Ọba ti àtijọ́ ń já a síbi tí orísun ọ̀rọ̀ ti pàdé, "demo-cracy", "know-ledge". Bí akẹ́kọ̀ọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ bá mú ìkejì yìí pe ọ̀rọ̀, yóò tẹ ibi tí kò yẹ.

Ẹ̀rí tó lágbára jù pé gígé kò lè ṣáájú ìwúwo wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọdún 1983, Frank Liang, akẹ́kọ̀ọ́ ní Stanford, kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń já ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún TeX, ètò ìtẹ̀wé tí Donald Knuth ṣe. Ìlànà náà ní àwòṣe 4,447, ó sì ń rí nǹkan bí 89 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tí dikṣọ́nárì gbà kí a já. Síbẹ̀, wọ́n ní láti kọ ọ̀rọ̀ 14 sọ́tọ̀ tí àwòṣe kò lè ká, "present" àti "project" sì wà nínú wọn. Àṣẹ tí wọ́n pa lórí méjì yẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà má já wọn rárá. Ìdí ni pé "present" tó jẹ́ ẹ̀bùn wúwo níbẹ̀rẹ̀, "pres-ent", mí-dò. "Present" tó jẹ́ kí ènìyàn gbé nǹkan kalẹ̀ wúwo ní ìparí, "pre-sent", dò-mí. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ibi tó wúwo bá ṣí, ibi gígé náà á ṣí. Ẹni tó ní kí ọmọ kọ́kọ́ gé ọ̀rọ̀, kó tó wá ìwúwo rẹ̀, ń ní kó ṣe ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ̀.

Ṣé gígé kò wá wúlò fún sípẹ́lì ni? Ó wúlò gan-an, ní ibi kan ju ibòmíràn lọ. Bí kọ́ńsónáǹtì méjì bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, kí a gé láàárín wọn: "din-ner", "lat-ter", "rab-bit". Kọ́ńsónáǹtì ti dí ẹnu sílébù kìíní, fáwẹ̀lì rẹ̀ á sì kúrú. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló wà, fáwẹ̀lì lè ṣí sílẹ̀, kó gùn: "di-ner", "la-ter". Ìdí nìyí tí "hop" fi di "hopping" pẹ̀lú "p" méjì, tí "hope" sì di "hoping" pẹ̀lú ẹyọ kan. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyàtọ̀ méjèèjì kò ní ṣì wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n apá kejì ìlànà náà kò ṣeé gbára lé tó ti àkọ́kọ́. Devin Kearns yẹ ọ̀rọ̀ tó lé ní 14,000 wò nínú àwọn ìwé tí ọmọ ilé-ìwé ń kà ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ ọ́ ní 2020 pé ìlànà kọ́ńsónáǹtì méjì ń bá ìpè mu lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ onísílébù méjì, ṣùgbọ́n ti kọ́ńsónáǹtì kan ń já ni kulẹ̀ púpọ̀. "Tiger" ń tẹ̀ lé e, "lemon" àti "cabin" kò tẹ̀ lé e. N kò ní fi irú òfin bẹ́ẹ̀ há ọmọ lórí. Kó gbìyànjú ìpè kan, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jọ èyí tó ti gbọ́ rí, kó gbìyànjú ìkejì.

Àwọn dò ló ń fa àṣìkọ tó pọ̀ jù. Níbi tí fáwẹ̀lì ti ṣá, "a", "e" àti "o" ń dún bákan náà, etí kò sì lè sọ lẹ́tà wo ni kí ọwọ́ kọ. Ta ló lè fi etí mọ̀ pé "grammar" ń fi "ar" parí, tí "doctor" ń fi "or" parí, tí "teacher" sì ń fi "er" parí? Ìrànlọ́wọ́ wà nínú ẹbí ọ̀rọ̀. Bí dò bá fi lẹ́tà pamọ́, ẹ wá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí ibẹ̀ ti jẹ́ mí: "grammatical" gbé "a" náà síta gbangba, "medicinal" fi "i" tó wà láàárín "medicine" hàn, "photography" fi "o" kejì "photograph" hàn. Noam Chomsky àti Morris Halle ti lọ jìnnà dé ibi pé wọ́n sọ ní ọdún 1968 pé sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ èyí tó dára jù fún èdè náà, nítorí pé ó pa ojú ẹbí ọ̀rọ̀ mọ́ bí ìpè tilẹ̀ ń yí. Mo rò pé wọ́n sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ẹbí kan tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ "Wednesday", tí ojú rí mẹ́ta, tí ẹnu pe méjì, tàbí "colonel", tí a ń pè bí ẹni pé "r" wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn, kí a há wọn sórí ni.

Ẹnìkan lè ní pé gbogbo àlàyé yìí ti pọ̀ jù, pé àwọn ará Nàìjíríà ń fún gbogbo sílébù ní ìwọ̀n kan náà, ayé sì ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń gbọ́ wọn, lóòótọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ti di Gẹ̀ẹ́sì kan láàyè ara rẹ̀, tí ẹgbàágbèje ènìyàn ń sọ, tó sì ní ìlànà ìwúwo tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń bá oníṣòwò Ṣakí sọ̀rọ̀ kò nílò Gẹ̀ẹ́sì kankan. Yorùbá tó wọn. Ibi tí yóò ti nílò Gẹ̀ẹ́sì ni fíìmù, ìwé ẹ̀kọ́, àti àlejò tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú èdè méjèèjì tó ní, níbi tí ohùn Faransé lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti ní ẹni tí yóò fojú fò ó. Àtakò mìíràn sọ pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ Yorùbá kọ ná. Mo fara mọ́ èyí, ó sì tún ń ran ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́. Benin ti ní ábídí fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti ọdún 1975, tí a fi ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ. Ẹni tó bá ti lè fi àmì ohùn sórí sílébù Yorùbá, nínú ábídí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ti ní ohun tó máa fi sàmì sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìlú London kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan tó bá Ṣábẹ̀ẹ́ mu dán an wò. Olùkọ́ sọ "agriculture" lẹ́ẹ̀mejì, pátákó ṣófo. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ, wọ́n ka fáwẹ̀lì mẹ́rin. Olùkọ́ béèrè èyí tó ga jù, ẹnìkan yóò sọ pé ti ìparí, nítorí Faransé ń bẹ lórí rẹ̀. Kí olùkọ́ tún un sọ, títí wọn yóò fi gbọ́ pé ti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n kọ mí-dò-re-dò. Nígbà náà ló tó fi ẹfun gé e, "ag-ri-cul-ture", kí wọ́n sì rí i pé "t" àti "u" kò dún bí wọ́n ṣe ń dún nínú Faransé, pé ìró kan tó sún mọ́ "ṣ" ti wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi "al" kún un. Sílébù di márùn-ún, mí sì ti kúrò ní "ag", ó ti lọ sórí "cul".